Ṣé mo lè fi àṣẹ́kù òwú hun súwẹ́tà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ahunṣọ. Àṣẹ́kù òwú ni mo fẹ́ fi hun súwẹ́tà fún ọmọ mi, àmọ́ wọn ò nípọn bákan náà. Mo pa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pọ̀ kí wọ́n lè nípọn tó òwú pupa kan tó wà nínú wọn, mo fi abẹ́rẹ́ 4 mm hun ègé kékeré kan wò. Ibi tí àwọ̀ ti yí padà fún wọlé, bí ẹni pé wọ́n so okùn mọ́ ọn ní ìdí.

Irun àgùntàn sì ni òwú pupa yẹn, akiríìlì (òwú àtọwọ́dá) ni ìyókù. Bí omi gbígbóná bá kan òwú pupa yìí, á súnkì. Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n máa fi omi tútù fọ̀ ọ́? Òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.