Àtúnṣe yàrá kọ́, ìmúbáyàrámu ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó dábàá pé ká máa pe àwọn sọ́fíwíà bíi Dirac Live, ARC àti SoundID Reference, tí wọ́n ń yí ohùn tó ń lọ sí sípíkà padà kó lè bá yàrá mu, ní "àtúnṣe yàrá". Wọ́n ní bí Òyìnbó ṣe ń pè é náà nìyẹn, pé ó sì rọrùn lẹ́nu. Ó rọrùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn rárá. Orúkọ náà ń tan ẹni tó bá gbọ́ ọ jẹ, owó àwọn ọmọ wa tó ń po orin, ìyẹn àwọn tó ń da ohùn akọrin àti ti ohun èlò pọ̀ di ọ̀kan, sì ń bá a lọ.

Nínú èdè wa, ẹni tó bá tún yàrá ṣe ti fọwọ́ kan yàrá. Ó rẹ́ ògiri, ó kan àjà, ó gbé nǹkan wọlé. Sọ́fíwíà yìí kò ṣe ìkankan níbẹ̀. Wọ́n á gbé máìkì ìwọ̀n síbi tí ẹni tó ń po orin máa ń jókòó àti àyíká rẹ̀, sípíkà á dún láti ìsàlẹ̀ pátápátá dókè téńté, kọ̀ǹpútà á wo ohun tó dé ọ̀dọ̀ máìkì. Lẹ́yìn náà, á máa dín èyí tó pọ̀ kù, á máa fi kún èyí tó kéré, kí orin tó dé sípíkà. Sípíkà ló ń bá wí. Ògiri, táìsì àti gíláàsì fèrèsé wà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tó wọ́pọ̀ ní Òkè-Ìjẹ̀bú níbí: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 12 ní òòró, simẹ́ǹtì yí i ká. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí ìgbì rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì ìbú yàrá yìí, ìyẹn nǹkan bíi 47 Hz (ìgbọ̀n mẹ́tàdínláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), á lu ògiri, á padà, á pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Ìbú àti òòró tó dọ́gba sì mú kí ọ̀nà méjèèjì máa ṣe é lórí ohùn kan náà. Ní kọ̀rọ̀, béèsì á pọ̀ jù. Láàárín gbùngbùn, níbi táwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti gbé àga sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń dún ní nǹkan bíi 41 Hz, nóòtì F♯ tó wà lókè rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 46. Ẹni tó jókòó sáàárín ò ní gbọ́ nóòtì yẹn dáadáa, á wá máa fi béèsì kún béèsì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé orin náà dé ibi ìnáwó, béèsì á bo akọrin àti onígángan mọ́lẹ̀.

Lórí àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà láti inú ìwọ̀n náà, mo dábàá "òkè" fún ibi tí ohùn ti pọ̀ jù, àti "kòtò" fún ibi tó ti sọnù. Sọ́fíwíà lè gé òkè. Kò lè dí irú kòtò yìí, torí ohùn tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló ń pa ara wọn: bó o bá fi kún èyí tó ń lọ, èyí tó ń bọ̀ náà á le sí i, sípíkà á kàn máa ṣe wàhálà lásán. Kéèyàn sún àga kúrò láàárín, kó sì kó rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tó ń fa ohùn mu) tó nípọn sí kọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń ràn án lọ́wọ́. Bákan náà, bó o bá pàtẹ́wọ́ tí ògiri ń dá a padà léraléra, kò sí sọ́fíwíà tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Bí a bá ti wá pè é ní àtúnṣe yàrá, ta ló tún máa náwó sórí rockwool?

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìmúbáyàrámu" wá, ìyẹn mímú ohùn sípíkà bá yàrá mu. Onílù máa ń sá ìlù sóòrùn kó tó jáde, ìlù ló ń mú bá ojú agbo mu, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ojú agbo ló ń tún ṣe.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé láti pa sọ́fíwíà yìí kí wọ́n tó gbé orin jáde, àyípadà tí wọ́n ṣe nítorí yàrá tiwọn á wá bá orin lọ sílé onílé. Orúkọ tó bá sọ pé yàrá yìí nìkan ló bá mu ti kìlọ̀ fún wọn.

Ní ti Òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe ẹ̀rí, orúkọ wọn ò dọ́gba. Lóòótọ́, Advanced Room Correction ni wọ́n gé kúrú sí ARC, ṣùgbọ́n àwọn Sonarworks ti Látífíà, tó ṣe SoundID Reference, calibration ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì sún mọ́ ìdíwọ̀n ju àtúnṣe lọ. Àti "ìtọ́jú yàrá" tí ẹnì kan dá lábàá fún rockwool àti aṣọ ògiri, gbígbá ilẹ̀ ló máa wá sọ́kàn ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká fún "àtúnṣe yàrá" níṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló tọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ ká kọ sílẹ̀ nìyí. Ìmúbáyàrámu: fífi kọ̀ǹpútà díwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dún níbi ìjókòó kan nínú yàrá kan, àti yíyí ohun tó ń lọ sí sípíkà padà kó lè bá ibẹ̀ mu. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ká gé e kúrú, mo gbà. Kí "àtúnṣe" má ṣáà ti ṣáájú "yàrá" nínú orúkọ sọ́fíwíà yìí.