Báwo ni mo ṣe lè mọ iye ìlà tó wà nínú gbogbo table dátábéèsì ẹgbẹ́ wa?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó dátábéèsì rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan níbí, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣù, owó aṣọ Ojúde Ọba, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú MySQL (ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì), table ibẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́ta. A fẹ́ kó o lọ sórí sáfà (server) míì kí Iléyá tó dé, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí owó aṣọ bá sì ti ń wọlé kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Alága wá ní kí n kọ iye ìlà inú table kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ká tó kó o, kí n tún kọ ọ́ tá a bá kó o tán, káwọn fi wéra. Mo ṣí phpMyAdmin, ojú ìwé tá a fi ń wo dátábéèsì, table owo_osu ní ~48,112. Ẹnì kan ní kí n tẹ Analyze table, mo tẹ̀ ẹ́, ló bá di ~46,870, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sanwó, ẹnikẹ́ni ò pa nǹkan kan rẹ́! Ṣé ìlà ń sá lọ ni? Àbí kí n kúkú máa ṣe COUNT, àṣẹ tó ń ka ìlà, fún wọn níkọ̀ọ̀kan?

Ará Ìperu:
Kò sí ìlà tó sá lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmì ~ yẹn ni kẹ́ ẹ wò. InnoDB, ìyẹn apá MySQL tó ń tọ́jú table, kì í tọ́jú iye ìlà, ṣe ló máa ń yẹ ojú ewé díẹ̀ (ibi tó ń kó ìlà sí) wò nínú table, á fi ìyẹn díwọ̀n ìyókù. Nígbà tẹ́ ẹ tẹ Analyze, ojú ewé míì ló lọ yẹ̀ wò. Ìwé MySQL fúnra ẹ̀ sọ pé ó lè fi 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye gidi. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ table tó tóbi jù, èyí tó (ẹ fi orúkọ dátábéèsì yín rọ́pò 'egbe'):

SELECT table_name, table_rows FROM information_schema.tables WHERE table_schema = 'egbe' ORDER BY table_rows DESC;

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ bá alága o.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàgámù:
Haba, gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ti phpMyAdmin yẹn lèmi ń wò ní tèmi. Tó bá ti sún mọ́ra ó ti tó jàre.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́:
Bọ̀ọ̀dá, owó ẹgbẹ́ lẹ ń sọ yẹn o, n'Ìjẹ̀bú! Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ti san owó aṣọ pé àkọsílẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ra, kẹ́ ẹ wá wo ohun tójú yín máa rí.

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí dátábéèsì fúnra ẹ̀ kọ COUNT yẹn fún yín:

SELECT CONCAT('SELECT ''', table_name, ''', COUNT(*) FROM `', table_name, '` UNION ALL') FROM information_schema.tables WHERE table_schema = 'egbe' AND table_type = 'BASE TABLE';

Ẹ kó gbogbo ohun tó bá tú jáde, ẹ gé UNION ALL tó gbẹ̀yìn kúrò, kẹ́ ẹ wá rán an. Ẹ má yọ BASE TABLE o, torí àwọn view (ìbéèrè tá a fi pamọ́ bíi table) náà wà nínú information_schema, ibi tí MySQL ń kọ orúkọ àwọn table sí, wọn ò sì ní ìlà tiwọn. Àwọn kan máa ń fi GROUP_CONCAT so ó pọ̀, àmọ́ báìtì 1024 ló máa ń gùn mọ tẹ́ ẹ ò bá fi kún group_concat_max_len, table ọgọ́ta ò lè gba ibẹ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀, torí ó máa ka gbogbo ìlà lóòótọ́, ẹ lọ po gààrí mu.

Ará Ìperu:
Àǹtí ti sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ti ibi ìsanwó pa o, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní London lè sanwó lóru kí iye méjèèjì má bára mu mọ́. Iye ìlà nìkan ò sì tó, ìlà lè pé kí owó inú ẹ̀ yàtọ̀, ẹ ṣe SUM (àròpọ̀) owó náà lápá méjèèjì.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ má bínú o, PostgreSQL, ètò dátábéèsì míì, lèmi ń lò, mo wo reltuples, ibi tó ń kọ iye ìlà table sí, nínú pg_class, -1 ló ń sọ fún mi. Báwo ni ìlà ṣe ń jẹ́ -1?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́:
Àbúrò, kò tíì sẹ́ni tó ṣe VACUUM (tó ń gbá table mọ́) tàbí ANALYZE (tó ń díwọ̀n iye ìlà) lórí ẹ̀ ni, láti ẹ̀dà 14 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe ANALYZE, á gbé iye wá. Tàbí kó o wo n_live_tup nínú pg_stat_user_tables. Ìdíwọ̀n náà ni méjèèjì o, COUNT ò ní àfirọ́pò.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni! A ti kó o. Owó pé dórí kọ́bọ̀, gbogbo table ló bára mu àfi akosile_iwole, ó fi ìlà mẹ́ta lé lórí sáfà tuntun.

Ará Ìperu:
Ṣé kì í ṣe inú ẹ̀ ló ń kọ ẹni tó bá wọlé sí? Ẹ̀yin náà lẹ lọ wọlé síbẹ̀ láti wò ó. Ẹ wo àkókò tó wà lórí ìlà mẹ́ta yẹn, tó bá ti jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ kó o tán, ẹ gbé e fún alága kó fọwọ́ sí i.