Okùn funfun nínú fọ́tò ẹsẹ̀ ìyá mi: ṣé kí a yọ ọ́ ni?

Ọmọ Sùúrùlérè béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ti ń kérora orúnkún ọ̀tún láti bí oṣù mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú wọn lọ ya fọ́tò X-ray gbogbo ẹsẹ̀ náà ní ibi àyẹ̀wò kan nítòsí ilé wa, ohun tí a sì rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Nínú ẹran ara, díẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀, okùn funfun kan wà tí ó ká lọ́jọ lọ́jọ bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ẹni tí ó ya fọ́tò náà ní aràn ni, ó sì ní kí a tètè wá oníṣẹ́ abẹ kí ó tó jẹ wọnú egungun. Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti gbà kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn sùn tì wọ́n mọ́. Abúlé kan ní Ìbàràpá ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó wá sí Èkó. Ṣé aràn yìí ṣì wà láàyè? Ṣé òun ló ń fa ìrora orúnkún? Ṣé ó lè ran àwọn ọmọ?

Ayafọ́tò Yàbá fèsì:

Ẹ kú àníyàn Màmá. Ó dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ya fọ́tò kọ́kọ́ sọ fún wọn, nítorí dókítà tí ó kọ́ nípa kíka fọ́tò ló yẹ kí ó túmọ̀ ohun tí a rí. Ìbàràpá tí ẹ dárúkọ, níbi tí sòbìà ti pọ̀ nígbà kan, ló mú mi fura pé sòbìà àtijọ́ ni, aràn gígùn tí ó máa ń yọ láti ẹsẹ̀. Ènìyàn a máa kó o nípa mímu omi adágún láì sẹ́ ẹ, nígbà tí àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi náà bá ti gbé ọmọ sòbìà mì. Nínú ara, abo rẹ̀ a máa dàgbà fún nǹkan bí ọdún kan títí yóò fi gùn tó mítà kan, lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tí yóò lé ìléròrò, tí yóò sì yọrí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó bá kú sínú ẹran ara, kálísíọ́mù a máa kó bò ó títí yóò fi le bí ẹfun, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń funfun nínú fọ́tò bí egungun.

Bí ó bá jẹ́ òun ni, òkú ni. Kò lè jẹ egungun, oògùn aràn kò sì wúlò fún un mọ́. A kì í sábà yọ ọ́, àfi bí ibẹ̀ bá wú tàbí tí ó bá ń dùn wọ́n. Lóòótọ́, èyí tí ó bá kú sí ẹ̀gbẹ́ oríkèé lè ba oríkèé náà jẹ́, ṣùgbọ́n ti Màmá jìnnà sí orúnkún. Ní ọjọ́ orí wọn, ó ṣeé ṣe jù pé ohun rírọ̀ tí ó wà láàárín egungun orúnkún ló ti ń gbó. Ẹ gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì.

Ìyá Àgbà Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta fèsì:

Ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ kí ó gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Èmi náà ní àpá sòbìà méjì lẹ́sẹ̀ òsì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wé e mọ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú tí ènìyàn kò ní lè tẹlẹ̀. Kì í ran ẹni tí a jọ sùn. Inú omi mímu ló sábà máa ń gbà. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ kà á káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988, àwọn tí ó ń ṣe ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Nọ́ọ̀sì Agége fèsì:

Mo fara mọ́ èsì Ayafọ́tò, ṣùgbọ́n kí ẹni tí fọ́tò tirẹ̀ yàtọ̀ má fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú. Bí ó bá jẹ́ pé àmì kéékèèké bí hóró ìrẹsì ló fọ́n ká inú ẹran itan, ọmọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ lè ni, ó sì lè wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú, pàápàá bí gìrì bá ń mú onítọ̀hún.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù ni ti aràn ajá, tí ó máa ń di àpò omi nínú ara ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń wà. Nínú 100 ènìyàn tí ó ní i, àwọn tí ó bá wọ egungun wọn kì í sábà ju mẹ́rin lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn sì ni ti nǹkan bí ìdajì wọn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì fọhùn, títí egungun yóò fi dá lójijì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdédé ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, nítorí bí omi inú rẹ̀ bá dà sínú ara, ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gbin àpò mìíràn. Iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú oògùn albendazole ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba fùkù àti ẹ̀dọ̀ tútù lọ́wọ́ alápatà fún ajá yín, inú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni ajá ti ń kó aràn náà; ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sè é jinná kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì máa fún ajá náà ní oògùn aràn déédéé.

Ọmọ Sùúrùlérè fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti dé Ìgbóbì. Dókítà ní sòbìà tó ti kú ni, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Orúnkún ni wọ́n ń tọ́jú. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sí Màmá létí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn rántí pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, sòbìà kan wú àwọn lẹ́sẹ̀ yẹn gan-an, tí gbogbo ilé ń retí pé yóò yọrí, tí kò sì yọ.