Báwo ni ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ ṣe lè dín ìsanra kù?

Ará Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti máa ń ṣa ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, nítorí pé bí ó ṣe ń yọ̀ lẹ́nu máa ń rí mi lára. Dókítà ti wá ní kí n dín ìsanra mi kù báyìí, bẹ́ẹ̀ láfún ni mò ń jẹ ní alaalẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Kútọ̀: Bí ó bá jẹ́ yíyọ̀ náà ni wàhálà yín, ẹ lọ tẹ̀tẹ̀ mọ́ ẹ̀wà àti tàtàṣé kí ẹ fi se mọ́ínmọ́ín, ata yóò bo ewé náà mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin mi, tí ó máa ń fi ṣíbí tú ọbẹ̀ wò kí ó tó jẹ ẹ́, jẹ méjì, kò sì fura. Títí di òní, n kò tíì sọ fún un.

Ará Láfẹ́nwá: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ epo, nítorí ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo ní nǹkan bí 120 kálórì, ta ni ó sì ń wọn èyí tí ó ń dà sí ọbẹ̀? Ẹ dín láfún náà kù sí ìdajì, kí ẹ fi ẹja dí àyè rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, ó kéré tán, nítorí náà ọsàn àti ìbẹ́pẹ wà nínú ìṣirò.

Ará Ìbarà: Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá wa, ṣé kí n kọ́kọ́ bọ tẹ̀tẹ̀ náà ni, àbí tútù ni kí n lọ̀ ọ́?

Ìyá Kútọ̀: Ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù dáadáa.