Ṣé Faustus kò lè ronú pìwà dà ni, àbí kò fẹ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń túmọ̀ Doctor Faustus, eré onítàn tí Christopher Marlowe kọ láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, fún ẹgbẹ́ eré wa, gbólóhùn kan ṣoṣo sì ti dá mi dúró láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí.

Fún àwọn tí kò tíì ka eré náà, Faustus jẹ́ ọ̀mọ̀wé ní ìlú Wittenberg ní Jámánì. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó ti ka òfin, ó ti mọ ẹ̀kọ́ ìsìn dunjú, kò sì sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú wọn mọ́. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ ìwé àdéhùn pé kí Mephistophilis, ìránṣẹ́ Lúsíférì, máa sin òun fún ọdún 24, kí Lúsíférì sì wá gba tara-tọkàn òun bí ọdún bá pé. (Ẹ̀mí òkùnkùn ni mò ń pe Mephistophilis nínú ìtumọ̀ mi, n kò pè é ní èṣù, nítorí pé Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe irú rẹ̀.) Lẹ́yìn tó ti tọwọ́ bọ ìwé tán ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Áńgẹ́lì búburú sọ fún un pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Áńgẹ́lì rere ní kò tíì pẹ́ jù, bí Faustus bá… Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1604, áńgẹ́lì rere sọ pé bí ó bá lè ronú pìwà dà. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1616, ó di bí ó bá fẹ́ ronú pìwà dà. Marlowe sì ti kú láti 1593, kí wọ́n tó tẹ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí mo bá kọ “lè”, a jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin náà. Bí mo bá kọ “fẹ́”, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ti í látinú. Òṣèré tí yóò ṣe Faustus ti ń bi mí pé èwo ni kí òun gbé wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ mi, “fẹ́” ni kí o kọ. Lọ tún ibi tí bàbá arúgbó ti wọlé nígbà tí eré ń parí lọ kà. Bàbá náà bẹ Faustus pé kó yí padà. Mephistophilis na ọ̀bẹ sí Faustus kó fi pa ara rẹ̀, bàbá yìí ló sì dá a dúró tí kò fi ṣe é. Faustus ní òun ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n bí Mephistophilis ṣe halẹ̀ mọ́ ọn pé òun yóò fa ẹran ara rẹ̀ ya, kíá ló bẹ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn pé kó bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lúsíférì, tó sì gbà láti tún fi ẹ̀jẹ̀ kọ àdéhùn náà. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ní kí Mephistophilis lọ fìyà jẹ bàbá tó gbà á nímọ̀ràn! Mephistophilis dá a lóhùn pé ìgbàgbọ́ bàbá náà pọ̀, òun kò lè fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ni òun lè pọ́n lójú. Ẹ̀mí òkùnkùn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé agbára òun ní ààlà. Ta ló wá fipá mú Faustus láti san ibi fún ẹni tó ṣe é lóore?

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀:
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ rántí irú ayé tí Marlowe gbé. Ẹ̀kọ́ Calvin, pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò gbà là kí ayé tó ṣẹ̀, múlẹ̀ gan-an ní Yunifásítì Cambridge níbi tó ti kàwé, ó sì wà nínú ìlànà ìgbàgbọ́ 39 tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1571. Orí àyànmọ́ ni ìkẹtàdínlógún dá lé. Àwọn tó ń wo eré yìí nígbà náà mọ ẹ̀rù tó wà nínú kí ènìyàn máa bi ara rẹ̀ pé bóyá a kò yan òun. Nítorí náà, “lè” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré létí wọn. Faustus fúnra rẹ̀ ní ọkàn òun ti yigbì débi pé òun kò lè ronú pìwà dà, àti ní alẹ́ tó kẹ́yìn, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé òun ìbá gbọ́wọ́ sókè, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú.

Kí ẹ má sì rò pé ìwé 1616 rọrùn láti kà torí pé ó sọ pé “fẹ́”. Nínú rẹ̀ náà ni Mephistophilis ti fọ́nnu pé nígbà tí Faustus ń ka Ìwé Mímọ́, òun lòun ń ṣí ojú ewé fún un tí òun sì ń darí ojú rẹ̀. A mọ̀ pé ní 1602 ni Philip Henslowe, onílé eré, san pọ́n-ùn mẹ́rin fún àwọn méjì kan láti fi kún eré náà, nítorí náà ọwọ́ tó kan ọbẹ̀ yìí lè ju ẹyọ kan lọ.

Àdùkẹ́ Eléré:
Ọ̀rọ̀ ojú ewé tí Olùkọ́ mẹ́nu bà yẹn ni kí òṣèré yín dì mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, Faustus ṣí Bíbélì, ó kà á jáde pé ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, ó sì pa á dé. Gbogbo ẹni tó ti lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà kò tíì parí: “ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ìyè àìnípẹ̀kun.” Ọ̀mọ̀wé tó ń fi ìmọ̀ yangàn kò ka gbólóhùn kan dé òpin. Ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn “ẹ̀ṣẹ̀”, kí ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà náà, kó tó pa ìwé dé. Ẹ ó rí i pé àwọn èrò ìwòran yóò máa fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀.

Ìyá Àgbà:
Ẹ̀ ń fa “lè” àti “fẹ́” bíi pé ọ̀tá ni wọ́n. Nínú èdè wa, bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé “bí o bá lè ní sùúrù”, kò ní in lọ́kàn pé ọmọ náà kò ní agbára sùúrù. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà láti ṣe é ni. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá rẹlẹ̀ tí orí sì ń mì, “lè” yẹn kan náà di iyèméjì. Ọ̀rọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì, ẹnu wa gbà á pọ̀. Ẹ sì wo “ronú pìwà dà” fúnra rẹ̀: ìwà ló wà láàrin rẹ̀. Ẹkún ni Faustus ń sun, ẹ̀rù ló ń bà á, kò tíì pa ìwà kankan dà.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ “lè”. Áńgẹ́lì rere wa yóò fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́, bí ìyá ṣe ń bẹ ọmọ, Faustus yóò sì tún un sọ jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe iyèméjì. Ní ti wákàtí tó kẹ́yìn, nígbà tí aago bá lu mọ́kànlá, a ó gbé Bíbélì ti ìbẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ní pípa dé, a kò sì ní gbé e kúrò títí aago yóò fi lu méjìlá, tí Faustus yóò máa ké pé òun yóò jó àwọn ìwé òun.