Páàdì kẹwàá kò dáhùn

Láti Kubwa:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí láti Oṣù Kejìlá títí wọ Oṣù Kejì, torí ó dá mi lójú pé ẹnìkan máa wà lóru òní tó jókòó ti kọntirólà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ onípáàdì tí a ń fìka tẹ̀ láti fi lu ìlù inú kọ̀ǹpútà, tó ń rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ ìlù.

Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi ní Wuse. Páàdì mẹ́rìndínlógún ló ní, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin, irú ètò tí ilé-iṣẹ́ Akai àti Roger Linn, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlù, gbé jáde lára ẹ̀rọ MPC60 ní 1988 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ lé títí dòní. Láti ìsàlẹ̀ lápá òsì la ti ń kà á. Ẹni tó tà á fún mi tẹ̀ ẹ́ lójú mi, iná rẹ̀ tàn, mo sanwó. Mi ò béèrè nípa velocity, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń ka agbára tí a fi tẹ páàdì, lọ́jà. Mo gbé e délé, mo kó ohùn gúdúgúdú àti ìyáàlù tí mo ti gbà sílẹ̀ fúnra mi sórí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí orin Kérésì tí ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ kọ.

Orí páàdì kẹwàá ni mo gbé gúdúgúdú sí. Ẹ mọ bí gúdúgúdú ṣe ń ṣe: kì í sinmi, òun ló ń di àwọn ìlù yòókù mú, bí ohùn kan bá já nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó á ṣì. Ohùn sì ń já. Bí mo bá rọra fọwọ́ kàn án, kò ní dáhùn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gidi, á dáhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Páàdì kẹrin ńkọ́, èyí tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún? Kí ìka kàn rá a lára ni, á bú gbàmù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dá ara mi lẹ́bi. Mo ń fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka àsìkò orin, dánra wò títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Mo ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ tún ohùn gúdúgúdú ṣe níkọ̀ọ̀kan, odindi òru mẹ́ta lórí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó dùn mí dọ́kàn, torí láti kékeré ni mo ti ń lu ìlù.

Ọmọ Àyàn kan ló là mí lójú. Bàbá náà máa ń lu ìyáàlù níbi ìnáwó káàkiri Kubwa àti Dutse, wọ́n wá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Wọn ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kan páàdì, wọ́n ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń dán awọ tuntun wò. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹwàá, wọ́n dúró, wọ́n tún kàn án, wọ́n dẹtí. Wọ́n ní, "Ojú ibí yìí ti kú. Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bí dùndún ò bá dún dáadáa, onílù á wo awọ, á wo ọsán. Bó bá jẹ́ gúdúgúdú, á wo ìda ojú rẹ̀ bóyá ó ti sán. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mi ò rò ó pé ìlù oníná náà ní awọ tirẹ̀.

Mo wá wọ̀n ọ́n. Mo ká páálí di ọ̀pá oníhò, gígùn rẹ̀ tó ìdajì rúlà, mo gbé e dúró lórí páàdì, mo sì ń ju bátírì tọ́ọ̀ṣì kékeré kan gba inú rẹ̀ wálẹ̀, ìgbà mẹ́wàá lórí páàdì kọ̀ọ̀kan. Báyìí, agbára kan náà ló ń bà lé gbogbo wọn, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń fi iye rẹ̀ hàn, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti 1983 tí MIDI, èdè tí ẹ̀rọ orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ti dé ni wọ́n ti ń fi 1 dé 127 ka agbára tí a fi lu nǹkan, 0 sì túmọ̀ sí pé ọwọ́ ti kúrò. Páàdì mẹ́rìnlá wà láàárín 70 sí 85. Ìkẹwàá: 22, 41, 30, nǹkan bí bẹ́ẹ̀ títí lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò sì sọ ohunkóhun. Ìkẹrin: 127 ní gbogbo ìgbà. Mo jókòó, mo ń wo ìwé yẹn. Inú mi dùn, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi.

Mo tú ẹ̀rọ náà. Súkúrù méjì fara pamọ́ sábẹ́ rọ́bà tó fi ń jókòó lórí tábìlì, ẹ rántí wọn kí ẹ má baà fi ipá ya ike rẹ̀. Lábẹ́ rọ́bà páàdì, ike pẹlẹbẹ kan wà (sẹ́ńsọ̀ nìyẹn) tó ní ìpele méjì, wọ́n tẹ yíǹkì tó ń gbé iná sára rẹ̀. Bí a bá tẹ rọ́bà, ìpele méjèèjì á fara kanra. Bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó ni iná á ṣe rọ́nà kọjá tó, òun ni ẹ̀rọ ń kà. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ọwọ́ yín.

Ohun tó sì bọ́ sáàárín tèmi ni eruku ọyẹ́. Ó kúnná bí èlùbọ́. Fèrèsé mi kọjú sí ojú ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí, mo sì máa ń ṣí i sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Oṣù Kejìlá. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ yẹn ti mú gọ́ọ̀mù tó di ike náà mú já lápá kan, etí rẹ̀ ti ká sókè lábẹ́ páàdì kẹwàá gan-an. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àtíkè ìyàwó mi, tuntun tí kò tíì kan àtíkè, gbá eruku náà jáde. Mo tẹ́ etí ike padà. Mo gé téèpù dúdú tí àwọn tó ń fa wáyà iná máa ń lò, kékeré ju páàdì lọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́bà ìkẹwàá.

Nígbà tí mo tún ju bátírì, 64 sí 80 ló ń mú wá. Ìkẹrin ò yí padà. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi.

Láti Kaduna, Sabon Tasha:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún téèpù yẹn. Gbogbo mẹ́rìndínlógún ni èmi lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìpele méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣe mí bíi pé mo ra ẹ̀rọ mìíràn, kí n fìka kàn án báyìí, ó ti dáhùn. Nígbà tó di Oṣù Kẹrin tí ooru Kaduna mú, gọ́ọ̀mù téèpù yọ́, ó ń rìn. Páàdì wá ń dún fúnra rẹ̀. Mo lè lù ú lẹ́ẹ̀kan kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń gba ohùn olórin kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, àgbá ńlá kàn dún sáàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Téèpù kì í fún sẹ́ńsọ̀ lágbára. Àlàfo tó wà láàárín rọ́bà àti sẹ́ńsọ̀ ló ń dín kù. Bó bá ti nípọn jù, ẹ ti tẹ páàdì náà sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó tì í. Mo tú gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi ike tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù dípò rẹ̀, ìpele kan, ibi tó kú nìkan. Ooru kì í yọ ìyẹn tó bẹ́ẹ̀.

Èrò mi nípa ìkẹrin yín nìyí: nǹkan kan ń tẹ̀ ẹ́. Igun ló wà, súkúrù sì máa ń wà nítòsí igun. Nínú tèmi, ẹni tó ti tú u ṣáájú mi fún súkúrù kan pa débi pé ike òkè ń tẹ ike sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ ní ìdajì ìyípo, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má tíì gé nǹkan kan.

Láti Lugbe:

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ìlù oníná tí a ń fi igi lù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Sẹ́ńsọ̀ tiwọn kì í ṣe oníyíǹkì, piezo ni: bí a bá lù ú, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú iná díẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí ìmìtìtì èyíkéyìí fi lè mú un sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ìṣọ́ òru, wọ́n gbé sípíkà báàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí gìtá báàsì bá ti rọ̀ wálẹ̀, páàdì tí mi ò lù á dún. Ìjọ ń wò mí.

Mo gbé threshold, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó kéré jù tí ẹ̀rọ á fetí sí, sókè, ariwo náà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ìlù jẹ́jẹ́ tí mo máa ń lù nígbà àdúrà bá a lọ. Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ, torí ìlù jẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ mi. Mo dá threshold padà, mo gbé sípíkà jìnnà, mo sì tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹsẹ̀ tí ìlù dúró lé. Látìgbà náà, ó ti gbọ́ràn.

Láti Jos:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó mú súkúrù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo wáyà. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe bíìtì. Kọ̀ǹpútà mi ní ihò USB méjì péré, mo wá ra hub olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, mo fi kọntirólà, hard drive àti fáànù kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sára rẹ̀. Páàdì ń gbọ́ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn kò gbọ́, kì í sì í ṣe ẹyọ kan náà lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó nìyẹn: bí páàdì kan bá ti bàjẹ́, òun kan náà ni yóò máa yọni lẹ́nu.

USB 2.0 kì í fún ohun tí a fi sí i ju 500 mA (mílíámpù, ìwọ̀n iná) lọ. Hub tí kò ní iná tirẹ̀ á pín ìyẹn láàárín gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo fi kọntirólà sínú kọ̀ǹpútà tààrà, ó tán. Ẹ̀rọ tó dára ni mo ti fẹ́ tà lówó tí kò tó nǹkan.

Ẹ tún wo bọ́tìnnì Full Level. Bí ẹnìkan bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo páàdì á máa fún yín ní 127. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ti fẹ́ sunkún.

Láti Ìlọrin:

Ẹ má fi spirit nu ike sẹ́ńsọ̀ yẹn o. Mo fi òwú àti spirit tí mo rà ní kẹ́míìsì nù ún, yíǹkì rẹ̀ bá òwú lọ. Ìlà kan odindi ti kú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí ẹ̀gbọ́n Kubwa lò ló dáa.

Kubwa lẹ́ẹ̀kan sí i:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo yẹ wáyà wò ṣáájú bí àbúrò mi ní Jos ṣe sọ. Hub kò sí níbẹ̀, Full Level kò sì tàn. Mo wá dojú ẹ̀rọ dé lánàá nígbà tí wọ́n mú iná wá. Ẹni Kaduna, ẹ ríran. Súkúrù igun yẹn le débi pé mo fi ọwọ́ méjèèjì di súkúdíráfà mú kó tó yí. Mo dẹ̀ ẹ́ ní ìdajì ìyípo, mo dá a dúró, mo gbé ọ̀pá páálí mi lé e.

Páàdì kẹrin: 88, 91, 84, 90, 86, 127, 85, 89, 87, 90.

Ẹyọ 127 kan yẹn ni mo ń wá báyìí.