Fẹ́ńdà tuntun fún ìjàpá 1969: bóòtì òkè wọlé, ti ìsàlẹ̀ kọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàpá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Volkswagen ìjàpá ọdún 1969 ni mò ń tún ṣe. Fẹ́ńdà iwájú lápá òsì ti dógùn-ún débi pé ìka ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo bá ra tuntun, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ mìíràn ń tẹ̀ jáde fún ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní ó máa bá a mu rẹ́gí, pé bóòtì lásán ni mo máa dè.

Bóòtì òkè wọlé lóòótọ́. Ti àárín wọlé tipátipá. Mo wá dé ìsàlẹ̀, níbi tó ti pàdé pátákó ìtẹ̀sẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn, ni ihò fẹ́ńdà àti ihò ara ọkọ̀ ò bá ríra wọn mọ́. Fẹ́ńdà fi bíi mìlímítà 10 sún síwájú. Tí mo bá fi irin wọ́ ọ padà, òkè á là, àlàfo ibẹ̀ á sì gba ìka.

Ṣé kí n fi fáìlì fẹ ihò yẹn ni, àbí kí n dá a padà? Ìwé tó bá a wá sọ pé tí mo bá ti lu ihò sí i tàbí tí mo kùn ún, wọn ò gbà á mọ́. Ọ̀dà dúdú tó wà lára rẹ̀ ńkọ́, ṣé orí rẹ̀ náà ni kí n fọ́n tèmi sí? Ajórin-mọ́rin kan ní kí n jẹ́ kí òun jó o mọ́ ara ọkọ̀, kí gbogbo wàhálà tán.

Fáìlì Dé:

Fẹ ihò yẹn, fi wáṣà ńlá sí i, dè é pa. Kò sí páńẹ̀lì tuntun tí kò ní wàhálà díẹ̀.

Àgbà Òòlù:

Àbúrò, gbé fáìlì sílẹ̀ ná. Fẹ́ńdà tó o ń bá jà yẹn lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi kì í dá páńẹ̀lì tuntun lẹ́bi títí n ó fi mọ̀ bóyá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Fẹ́ńdà àtijọ́ tó o tú ńkọ́? Má sọ fún mi pé o ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bó ti wù kó jẹrà tó, ihò ara rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó o ní. Gbé tuntun bọ orí rẹ̀, kí inú ọ̀kan gba ẹ̀yìn èkejì, fi bóòtì méjì so ihò òkè wọn pọ̀, kó o wá yọjú wo ìsàlẹ̀. Bí ihò ìsàlẹ̀ ò bá ṣe déédéé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló jẹ̀bi. Dì í padà bó ṣe wà, má fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí wọ́n bá ṣe déédéé, gbé ògbólógbòó padà sára ọkọ̀. Tí òun náà bá kọ̀ nísàlẹ̀, ara ọkọ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo sì ń fura sí. Pátákó ìtẹ̀sẹ̀ ò so mọ́ fẹ́ńdà nìkan. Ara irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló dúró lé, irin oníhò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà láti ẹ́ńjìnnì wá síwájú. Irin yẹn kì í pẹ́ jẹrà lára ìjàpá. Ẹni tó bá sì gé e pààrọ̀ láìfi irin há ẹnu ilẹ̀kùn kó tó gé e, ara ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, pa ilẹ̀kùn òsì jẹ́jẹ́, kó o wo àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé ó dọ́gba? Ṣé ilẹ̀kùn ń gbéra sókè kó tó há? Kọ́kọ́ dì í mú, mì í sókè sódò o, torí bó bá ń mì, irin tó fi rọ̀ ló jẹ, kì í ṣe ara ọkọ̀.

Ohun mìíràn. Ṣé o ti tú báńpà? Irin tó gbé báńpà dúró ń gba inú fẹ́ńdà kọjá, ó sì lè máa tì í láìjẹ́ pé o mọ̀. Sì wò ó dáadáa bóyá ti 1969 ni wọ́n fún ọ. Fẹ́ńdà 1966 sẹ́yìn, gíláàsì iná rẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì. Tìrẹ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó sì ní ibi tráfíkétọ̀ lórí. Ti Yúróòpù láti 1975 wá síwájú kì í sábà ní in, torí wọ́n ti gbé tráfíkétọ̀ lọ sára báńpà.

Tó o bá fẹ́ dè é: tú bóòtì pátákó sílẹ̀ kó lè máa rìn. Fi táàpù M8, irin tí wọ́n fi ń gé ojú ìyí bóòtì sínú ihò, fọ gbogbo ihò ara ọkọ̀ kí ọ̀dà àtijọ́ àti ìdọ̀tí jáde. Fi gbogbo bóòtì fẹ́ńdà sí i pẹ̀lú ìka lásán, yíyí méjì mẹ́ta, kí ìkankan má fún. Rọ́bà tín-ín-rín tó ń wà láàrin fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀, fi í sí i nígbà ìdánwò pàápàá, torí ó ń gba àyè. Wá máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ láti òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Sípánà 13 kúkúrú tó. Ẹni tó bá fi ọ̀pá gígùn fún un á yí nọ́ọ̀tì inú ara ọkọ̀, gíráńdà ló máa yanjú ìyẹn.

Ajórin-mọ́rin yẹn, kí i kó o máa bá tìrẹ lọ. Wọ́n ṣe fẹ́ńdà ìjàpá kó lè ṣeé tú ni.

Ìyá Ọlọ́dà:

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà dúdú ni tèmi. Ẹ fi tínà rin aṣọ funfun, kí ẹ fi nu inú fẹ́ńdà níbi tí ojú ò tó. Bí aṣọ bá dúdú, ọ̀dà ìrìnnà lásán nìyẹn, wọ́n fi í sí i kí irin má bàa dógùn-ún kó tó dé ọwọ́ yín ni. Ẹ ha á kúrò pátá, kí irin hàn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá fọ́n lé e lórí máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Bí aṣọ bá mọ́, èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin nínú àgbá ni, ẹ fi sílẹ̀. Sáńpépà 320, ẹ nù ún, páráímà epoxy (ọ̀dà ìpìlẹ̀), ó parí.

Ẹ má tíì po pútì o. Mo ti rí àwọn tó fọ́n ọ̀dà tán, tó ń dán bíi dígí, kí wọ́n tó gbé e wá sára ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá wá ń fi òòlù bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín ni. Ẹ sì má gbàgbé ẹ̀yìn ibi tí iná iwájú jókòó sí. Ẹrọ̀fọ̀ táyà ń kó síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹrà láti inú wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàpá:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Aṣọ dúdú kirikiri, Mà, mo ti ń ha á.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà Òòlù, fẹ́ńdà méjèèjì bára mu. Ògbólógbòó náà kọ̀ nísàlẹ̀! Mo wá rí i pé kò tilẹ̀ sí bóòtì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàfo ilẹ̀kùn dọ́gba, kò sì mì. Ṣùgbọ́n pátákó ìtẹ̀sẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Bí mo ṣe tú bóòtì rẹ̀ báyìí, fẹ́ńdà fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn, bóòtì wọlé. Ó wá ku bíi mìlímítà 3 kí pátákó tó bá ihò tirẹ̀ mu. Ṣé kí n wọ́ ọ?

Fáìlì Dé:

Ẹ ẹ̀ wá fẹ́ fáìlì báyìí?

Àgbà Òòlù:

Ó yá, mú fáìlì rẹ wá, ọ̀gbẹ́ni. Àbúrò, ihò etí pátákó ni kó o fẹ̀, má kan fẹ́ńdà. Fi ọ̀dà zinc sí ibi tó o fẹ̀ yẹn kó o tó dè é, kí o sì fi rọ́bà sáàárín òun àti fẹ́ńdà. Kó o tó fọ́n ọ̀dà kankan, lọ tú pátákó ọ̀tún náà wò. Ó dà bíi pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n.